Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ: Àlàyé Lórí Ẹ̀dá Onísẹ́ẹ̀lì Kan Tó Ń Fi Yanrìn Kọ́lé Nísàlẹ̀ Òkun

Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tí Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ wíwa kùsà lábẹ́ òkun yá kánkán, orúkọ gígùn kan tún ń yọjú nínú ìròyìn: xenophyophore, ẹ̀dá kan tó ń gbé níbi tí wọ́n fẹ́ wa kùsà náà. Wọ́n á ní ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó lè tóbi ju ìkúùkù lọ. Wọ́n á ní yanrìn ló fi kọ́lé. Wọ́n á ní ara àwọn foraminifera ni. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá tiwọn lọ. Ẹni tó ka ìròyìn náà á wá máa bi ara rẹ̀ pé: ẹranko ni àbí ewéko? Ta ló wọ inú òkun lọ sọ ọ́ lórúkọ? Báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀ pé èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún, nígbà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ àti yanrìn ni gbogbo rẹ̀ jọ?

Mo fẹ́ tú u palẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Láti 1986 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin òkun àgbáyé, òfin yẹn ló sì sọ pé àlùmọ́ọ́nì tó wà nísàlẹ̀ òkun níbi tí ààlà orílẹ̀-èdè kankan kò dé, ogún gbogbo ọmọ aráyé ni. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ó yẹ ká mọ àwọn tó ń gbé orí ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní foraminifera?

Sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì tí a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Ara èèyàn kan ṣoṣo ní àìmọye bílíọ̀nù rẹ̀. Foraminifera, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn máa ń gé kúrú sí fọ́ráàmù, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré ni wọ́n. Ẹyọ kan náà ló ń jẹun, òun ló ń fà lọ, òun ló ń bí sí i. Wọn kì í ṣe ẹranko, wọn kì í ṣe ewéko. Ìran tiwọn dá dúró lọ́tọ̀.

Púpọ̀ nínú wọn kò ju hóró yanrìn lọ. Inú ilé kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, á wá máa na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí òwú aláǹtakùn jáde láti kó oúnjẹ wọlé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alcide d'Orbigny, ló fún wọn lórúkọ ní 1826, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ihò, nítorí pé ihò ló so yàrá kan mọ́ èkejì nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n d'Orbigny rò pé ẹ̀dá ọlọ́wọ́ gbọọrọ bíi ti ẹja squid ni, tí ó kàn kéré, nítorí ilé náà lọ́ bíríbírí, ó sì ní yàrá lẹ́sẹlẹ́sẹ. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Félix Dujardin wo èyí tó wà láàyè, tó rí i pé kò ní ìfun, kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀: nǹkan ṣíṣàn bí oje ilá ni gbogbo ara rẹ̀.

Àwa Yorùbá bọ̀, a ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. D'Orbigny wo ilé, ó sì ṣi ọmọ mọ̀. Ẹ mú èyí dání, nítorí àṣìṣe yìí kan náà ni yóò máa padà wá jálẹ̀ ìtàn náà.

Yanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé ńkọ́?

Ẹ wo ìgbín. Ara rẹ̀ ni ìkarahun rẹ̀ ti ń jáde. Àwọn fọ́ráàmù kan ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń fi èròjà ẹfun inú omi mọ ìkarahun fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikán. Ilẹ̀ ló ń bù, itọ́ rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, títí yóò fi di òkìtì ọ̀gán. Bí ikán ni apá kejì àwọn fọ́ráàmù ṣe ń ṣe. Wọ́n á ṣa hóró yanrìn, ẹrẹ̀, ìkarahun àwọn ẹ̀dá tó ti kú, wọ́n á fi nǹkan bí àtè tó ń jáde lára wọn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ògiri. Àwọn wọ̀nyí ni a ń sọ̀rọ̀ wọn lónìí, mo sì máa pè wọ́n ní ọ̀mọlé-yanrìn.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń ṣa nǹkan lẹ́ṣà. Ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ Technitella legumen. Kànìnkànìn òkun kan wà tí egungun rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bíi dígí. Ẹ̀gún yẹn ni Technitella legumen ń ṣa lẹ́yìn tí kànìnkànìn náà bá kú, á wá tò ó ní ìpele méjì tó dábùú ara wọn, bí òwú ṣe ń dábùú ara wọn nínú aṣọ òfì. Ọmọ agboolé rẹ̀ kan, Technitella thompsoni, tí Heron-Allen àti Earland ṣàpèjúwe ní 1909, kò fẹ́ ẹ̀gún yẹn rárá. Pẹpẹ kéékèèké tó ń jábọ́ lára ìbátan ẹja ìràwọ̀ nìkan ló ń lò. Nínú omi tútù Antarctica, Astrammina rara wà níbẹ̀: bí wọ́n bá rọra yọ ọ́ kúrò nínú ilé rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní yanrìn, yóò kọ́ òmíràn. Kò ní ọpọlọ, kò ní ojú. Sẹ́ẹ̀lì kan ni.

Àwọn yòókù kì í ṣa. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè gbé ilé tí àwọ̀ wọn kò jọra: ọ̀kan wà níbi yanrìn dúdú, èkejì níbi yanrìn funfun.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì kan ṣe wá tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Xenophyophore ni àwọn òmìrán láàárín àwọn ọ̀mọlé-yanrìn. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà; ohun tó ń sọ ni ẹ̀dá tó ru ẹrù àjèjì. Èyí tó ń jẹ́ Syringammina fragilissima, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú òkun ẹ̀gbẹ́ Scotland, lè fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, bí àwo oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí òkìtì ọ̀gán kò tíì rí ikán. Ilé ló tóbi, kì í ṣe onílé. Ara sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ okùn tínínrín tínínrín nínú ọ̀pá róbótó tó rá kọjá láàárín yanrìn, díẹ̀ ṣíún sì ni nínú gbogbo ohun tí ojú ń rí. Ọ̀pá mìíràn tún wà tó dúdú: ìdọ̀tí tó jẹ kù ló ń kó sínú rẹ̀ ní wóróworó. Kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà sọ ìdí tó fi ń tọ́jú ìdọ̀tí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà tún ní ọ̀pọ̀ kókó àárín, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń kó ìwé àṣẹ rẹ̀ sí. Tiwa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Nítòsí erékùṣù Madeira, àwọn onímọ̀ fi kámẹ́rà ṣọ́ mélòó kan nínú wọn fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1993. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dàgbà. Wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ fún oṣù bíi méjì, wọ́n á wá dédé kọ́lé kún ilé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á tún dúró. Àwọn mìíràn ń jàǹfààní ilé náà: kòkòrò òkun ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, ẹja kan sì wà tó ń yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀.

Kí nìdí tó fi gba ọgọ́fà ọdún kí wọ́n tó mọ ìdílé rẹ̀?

Ní 1883, Henry Brady, onímọ̀ fọ́ráàmù tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣàpèjúwe Syringammina fragilissima. Ó ní fọ́ráàmù ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ernst Haeckel ti ilẹ̀ Jámánì wo àwọn tí ọkọ̀ HMS Challenger kó bọ̀ láti inú ìrìn àjò rẹ̀ yíká ayé ní 1872 sí 1876. Ó ní kànìnkànìn òkun ni wọ́n. Kì í ṣe pé Haeckel kò mọṣẹ́. Nǹkan tó rí ni pé ó tóbi, ó ní ihò, ó rọ̀, ó sì kún fún ẹ̀gún kànìnkànìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún tí ẹ̀dá náà ṣà nílẹ̀ ló ń wò, ó sì pe onílé ní orúkọ bíríkì tó fi kọ́lé. Ní 1904, onímọ̀ mìíràn, Schulze, yọ wọ́n kúrò lára kànìnkànìn, ó dá wọn sọ́tọ̀ bí ìran tiwọn. Ó di 2003 kí àwọn onímọ̀ tó yẹ DNA ọ̀kan nínú wọn wò, ìyẹn ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì rí i pé fọ́ráàmù ni lóòótọ́. Brady ti kú ní èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ó wù mí kó wà láàyè gbọ́ ọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dá ẹ̀yà kan mọ̀ sí òmíràn?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ kan. Ní 2018, ọkọ̀ ìwádìí Kilo Moana tí Yunifásítì Hawaii ń lò lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ibi tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton Zone, nínú òkun Pàsífíìkì láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò. Ibẹ̀ tóbi ju ìlọ́po mẹ́rin Nàìjíríà lọ. Jíjìn omi ibẹ̀ tó nǹkan bíi 5,000 mítà. Ẹni tó bá ti gba orí Third Mainland Bridge kọjá l'Ékòó kó rò ó wò: bí wọ́n bá gbé afárá náà dúró lóòró sínú omi yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tí yóò rì pátá. Èèyàn kò lè débẹ̀ lásán. Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n rán lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni fọ́tò, níbi tí ẹ̀dá náà wà gan-an, kí ọwọ́ tó kàn án. Ó ṣe pàtàkì nítorí pé ó rọrùn láti fọ́. Orúkọ fragilissima yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni èyí tó tètè ń fọ́ jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ róbọ́ọ̀tì yóò rọra ká a. Fún àwọn fọ́ráàmù kéékèèké, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá sókè, wọ́n á sì jọ̀ ọ́ bí a ṣe ń jọ èlùbọ́, ṣùgbọ́n ihò ajọ̀ tiwọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ẹnì kan ṣì wà nínú ilé? Ìbéèrè ńlá nìyí, nítorí ilé yanrìn lè wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí onílé ti kú. Láti 1952 ni wọ́n ti ń lo aró kan tó ń jẹ́ Rose Bengal, tó ń sọ ara sẹ́ẹ̀lì di pupa fòò. Bí inú ilé bá pupa, wọ́n á ní onílé wà. Kò dájú tán: ìsàlẹ̀ òkun tútù, òkú kì í tètè jẹrà níbẹ̀, òkú sẹ́ẹ̀lì náà sì ń gba aró.

Ìgbà yìí ni àyẹ̀wò ilé gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Wọ́n á wo bó ṣe rí: ṣé róbótó ni, ṣé ọ̀pá ni, ṣé ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ṣé ó ní igi ẹsẹ̀ tó fi dúró? Wọ́n á ka yàrá rẹ̀: ẹyọ kan ni, tàbí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn? Bí wọ́n bá pọ̀, ṣé wọ́n lọ́ bí ìkarahun ìgbín tàbí wọ́n tò lọ tààrà bí ilé ẹ̀kọ́? Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Kí ló fi mọ ògiri, ṣé ó sì ṣa á ni àbí ohun tó bá rí ló lò? Àtè tó fi lẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ìyẹn rọrùn: wọ́n á kán ásíìdì tí kò le sí i. Bí ó bá hó, ẹfun wà nínú àtè náà.

Inú ilé ló sòro jù. Tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n fọ́ ọ. Ní 2018 kan náà, àwọn onímọ̀ gbé àwọn xenophyophore sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ CT tí wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ara nílé ìwòsàn, wọ́n sì rí bí ọ̀pá sẹ́ẹ̀lì àti ọ̀pá ìdọ̀tí ṣe pín inú ilé láìfọ́ ohunkóhun. Inú mi máa ń dùn sí èyí, nítorí pé fún ẹ̀dá tí a lè máà rí ju ẹyọ kan rẹ̀ lọ, kí á fọ́ ọ ká tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí ni DNA ń ṣe tí ojú kò lè ṣe?

Láyé àtijọ́, ilà ojú la fi ń mọ ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ pélé lè jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà, ó lè jẹ́ ará Èkìtì, ó sì lè wá láti Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé fọ́ráàmù rí. Ẹ̀yà méjì tí kò tan lè kọ́ irú ilé kan náà.

Àpẹẹrẹ tó yéni jù lọ ni Miliammina fusca, fọ́ráàmù kékeré kan tó ń gbé inú ẹrẹ̀ níbi tí omi òkun ti ń pàdé omi odò. Yanrìn ló fi kọ́lé, nítorí náà àárín àwọn ọ̀mọlé-yanrìn ni ìwé ńlá ń fi í sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe to yàrá rẹ̀ jọ ti àwọn kan tó ń fi ẹfun ṣe ìkarahun. Ní 2006 ni DNA dá ẹjọ́ náà: ọmọ àwọn ẹlẹ́fun ni. Ó jọ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń fi ẹfun kọ́lé, òun ló fi í sílẹ̀ tó lọ mú yanrìn. Irú nǹkan báyìí ló mú kí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Pawlowski, Holzmann àti Tyszka, tún gbogbo ètò ìdílé fọ́ráàmù tò ní 2013. Dípò kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí a fi mọ ògiri, bí yàrá ṣe rí ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: àwọn tí yàrá wọn rí bíi bọ́ọ̀lù, àwọn tí tiwọn rí bí ọ̀pá, àti àwọn oníyàrá kan ṣoṣo. Àwọn oníyàrá kan ṣoṣo yìí, níbi tí xenophyophore wà, kì í ṣe ìdílé kan ní tòótọ́. Agbọ̀n ni wọ́n kó wọn sí ná, títí wọ́n á fi rí ìdí ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

DNA náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ilé yanrìn kún fún àlejò: bakitéríà, kòkòrò, àní àwọn fọ́ráàmù mìíràn tó kéré. Bí wọ́n kò bá fara balẹ̀ yọ okùn sẹ́ẹ̀lì onílé gan-an, DNA àlejò ni wọ́n á kà. Oògùn fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé kí ó má bàjẹ́ sì máa ń ba DNA jẹ́, nítorí náà wọ́n ní láti pín ohun tí wọ́n rí sí méjì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: èyí fún ojú, èyí fún DNA. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n rí, wọ́n á yàn.

Báwo ni orúkọ ṣe ń dé?

Orúkọ ẹ̀yà máa ń jẹ́ méjì. Èkíní ni ti agboolé, èkejì ni ti ọmọ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2020 ni àwọn onímọ̀, lábẹ́ ìdarí Andrew Gooday, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí Kilo Moana kó bọ̀: ẹ̀yà tuntun mẹ́rin, agboolé tuntun méjì. Moanammina semicircularis ní igi ẹsẹ̀, orí rẹ̀ sì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí a gé sí ìdajì róbótó, bí orúkọ kejì ti wí. Moana ni òkun lédè àwọn ará Hawaii. Ammina wá láti inú yanrìn lédè Gíríìkì. Àwọn méjì wà ní agboolé Abyssalia, ọ̀kan rí bí ewé, ọ̀kan rí bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀gún kànìnkànìn sì ni wọ́n fi hun gbogbo ilé wọn. Ẹ̀kẹrin, Psammina tortilis, wọ inú agboolé tó ti wà tẹ́lẹ̀. Haeckel ló dá agboolé Psammina sílẹ̀ ní 1889, nígbà tó ń pe gbogbo wọn ní kànìnkànìn. Àṣìṣe rẹ̀ lọ, orúkọ tó sọ dúró, nítorí òfin ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ lọ́nà tó tọ́, tirẹ̀ ni a ó máa lò.

Òfin náà tún béèrè ẹlẹ́rìí. Ẹyọ kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n yàn, tí wọ́n tọ́jú sí mùsíọ́ọ̀mù, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn lọ́la lè lọ wò. Fọ́tò lásán kò tó. Èyí tí wọ́n bá rí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀, orúkọ agboolé rẹ̀ nìkan ni wọ́n á kọ, wọ́n á wá fi lẹ́tà méjì, sp., sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí a ti mọ ilé rẹ̀ àmọ́ tí a kò tíì kó jáde nìyẹn. Ẹ̀yà tó wà bẹ́ẹ̀ nínú òkun pọ̀.

Kí ni èyí kan ìwakùsà?

Ní ìtòsí ilé wa, ọ̀rọ̀ fọ́ráàmù kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń wa epo. Nínú kànga epo ní Niger Delta, fọ́ráàmù tó ti di òkúta, àwọn ọ̀mọlé-yanrìn pẹ̀lú, ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí ìpele tí wọ́n ti gbẹ́ dé.

Ní Clarion-Clipperton, òkúta tó rí bí ọ̀dùnkún ló kún ilẹ̀, tó ní manganíìsì, níkẹ́ẹ̀lì, kóbọ́ọ̀tì àti bàbà nínú. Mìlímítà mélòó kan ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ fi ń dàgbà láàárín ọdún mílíọ̀nù kan, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ xenophyophore kọ́lé sí. Ẹni tó bá kó òkúta, ó kó ilé. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ka irú ẹranko tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ó tó 5,578, wọ́n sì ní bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn kò tíì ní orúkọ. Ẹranko nìkan ni wọ́n kà o. Fọ́ráàmù kò sí nínú ìṣírò yẹn.

Àjọ International Seabed Authority ní Kingston, Jàmáíkà, ló ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa wa kùsà náà àti ibi tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Kí wọ́n tó lè sọ pé ibi báyìí ni kí a fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀dá báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀dá náà wà níbòmíràn, ìyẹn kò sì ṣeé mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti dá a mọ̀ ní ibi méjèèjì pé òun kan náà ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìròyìn kan jáde lórí ibi tí wọ́n ti dán ẹ̀rọ ìwakùsà wò nísàlẹ̀ òkun yẹn ní 1979. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógójì, ojú ipa ẹ̀rọ náà ṣì hàn gbangba lórí ẹrẹ̀. Àwọn ẹranko ńlá tó máa ń dúró sójú kan kò tíì padà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n xenophyophore wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé sórí ipa ẹ̀rọ. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, inú wọn dùn, wọ́n ní ó ti sàn. Ìbéèrè tèmi ni pé: ẹ̀yà wo ló padà? Ṣé àwọn tó ń gbé orí òkúta tí wọ́n ti kó lọ ni, àbí àwọn mìíràn tí ẹrẹ̀ lásán tẹ́ lọ́rùn?